Aládùúgbò kọ́ ló pa bẹ́árìn yín

Ẹ̀gbọ́n wa, jíìpù 4Runner 1999 ni mò ń gùn. Láàárín ọdún kan, bẹ́árìn ẹ̀yìn rẹ̀ lápá kan náà ti kú lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹkáníìkì mi ní ojú ayé ni. Aládùúgbò mi kan sì wà tí kì í yé wo ọkọ̀ náà láràárọ̀. Ṣé kí n kó kúrò ládùúgbò yìí ni?
Ọlọ́kọ̀ Tó Ń Hùn, Ọmọ́lé Phase 2

Ẹ̀gbọ́n, jíìpù ọkọ mi ń ké bí ọkọ̀ òfurufú tó fẹ́ gbéra. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, ọkọ mi á yí rédíò sókè. Kí ni kí n ṣe?
Ìyàwó Onírédíò, Ògbà

Ọlọ́kọ̀ Tó Ń Hùn, ẹ má tíì di ẹrù. Ìyàwó Onírédíò, ẹ bá mi yí rédíò yẹn wálẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ mi. Àìsàn kan náà ló ń ṣe jíìpù méjèèjì. Bí arúgbó bá kú nílé Yorùbá, a ó se àsè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mẹ́ta bá kú tẹ̀léra nínú ilé kan, àgbà kankan kò ní sọ pé kí wọ́n ṣáà máa bí òmíràn; wọn a kọ́kọ́ wádìí ohun tó pa àwọn ti ìṣáájú. Bẹ́árìn nìkan là ń sin láìwádìí: a jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sáré lọ ọjà Ládípọ̀, a ra àbúrò rẹ̀ wá kú síbi tí ẹ̀gbọ́n kú sí. Ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má ra bẹ́árìn tuntun títí ẹ ó fi mọ ohun tó pa ti àná.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bi òkú léèrè. Òrùka irin méjì ni bẹ́árìn, bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ń yí láàárín wọn, gírísì sì ni oúnjẹ wọn. Lẹ́yìn 4Runner ayé ìgbà yẹn, ara ṣáàfútì ni wọ́n tẹ bẹ́árìn mọ́ pinpin, táyà sì wà lẹ́nu ṣáàfútì kan náà. Bí ó bá bàjẹ́ kọjá ààlà, táyà àti ṣáàfútì lè jọ jáde, kí wọ́n ṣáájú yín dé Berger. Afurasí kìíní ni omi. Bí ẹ bá sáré láti Aláùsá tí ẹ̀yìn ọkọ̀ gbóná, tí ẹ wá kó sínú àgbàrá, afẹ́fẹ́ inú ilé ṣáàfútì yóò tutù lójijì, yóò súnkì, yóò sì fa omi wọlé gba ara síìlì tó ti gbó, pàápàá bí ẹrẹ̀ bá ti dí ihò kékeré tí ilé náà fi ń mí. Láti ọjọ́ náà ni irin ti ń dógùn-ún. Afurasí kejì ni ẹrù. Bí ẹrù orí bẹ́árìn oníbọ́ọ̀lù bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ọjọ́ ayé rẹ̀ ló máa kù. Nítorí náà, bí ẹ bá fi jíìpù gbé sìmẹ́ńtì lọ síbi ilé tí ẹ ń kọ́, ẹ ka bẹ́árìn mọ́ owó bíríkìlà.

Ṣùgbọ́n afurasí tí ọwọ́ mi tẹ̀ gan-an ni òòlù. Mẹ́ta lọ́dún kan kì í ṣe ikú ogbó. Ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n ti ṣe àwọn ọmọ yìí léṣe. Bí wọ́n bá ń gbá òrùka òde kí ti inú lè wọ ṣáàfútì, àárín àwọn bọ́ọ̀lù ni agbára òòlù ń gbà kọjá, á sì tẹ ojú kéékèèké sára irin. Ẹ kò ní rí i, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yóò máa hùn. Présì ló yẹ kó tì í wọlé, kó sì ti òrùka inú nìkan. Àárín àwọn iléeṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége là ń gbé, níbi tí ẹ̀rọ kankan kò ti lè yí láìsí bẹ́árìn. Àwọn oníléètì tó ní présì kò sì jìnnà. Ìmọ̀ràn mi nìyí: ẹ gbé àga lọ sí ọgbà mẹkáníìkì, ẹ jókòó. Bí ó bá ti nawọ́ mú òòlù, ẹ figbe ta bí ẹni tí wọ́n fẹ́ na ọmọ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dá síìlì àtijọ́ padà, torí jíà ọ́ìlì tó bá jò kọjá rẹ̀ máa ba bíréèkì jẹ́.

Ẹnìkan yóò ní òòlù ni ọ̀gá tó kọ́ ọ̀gá òun náà lò. Òótọ́ ni, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin oníbàárà fi ń padà wá. Òmíràn yóò ní Belgium, ìyẹn àlòkù òkè òkun, lágbára ju tuntun lọ. Ta ló mọ iye ọdún tó ti lò lókè òkun? Bí wọ́n bá sì fi òrùka òde fà á yọ lára ṣáàfútì, wọ́n ti ṣe é léṣe kó tó wọkọ̀. Ẹ̀kẹta ní ojúlówó ti wọ́n jù, ayédèrú sì kún ọjà. Ẹni tó ra mẹ́ta lọ́dún kan kò lẹ́nu láti pe ẹyọ kan ní ọ̀wọ́n. Iléeṣẹ́ bẹ́árìn SKF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sweden lọ́dún 1907, ní áàpù kan, SKF Authenticate, tí ẹ lè fi ya fọ́tò bẹ́árìn orúkọ wọn ránṣẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yọ fóònù lójú ọlọ́jà, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Bí ó bá yára rántí pé òun ní òmíràn nínú ilé, ẹ̀rí dé nìyẹn.

Ìyàwó Onírédíò, ẹ sọ fún baálé yín pé kò sí rédíò tó lè bo ariwo táyà tó jáde. Kí wọ́n máa sáré díẹ̀ lọ́nà tó gbòòrò, kí wọ́n rọra yà sósì: bí igbe bá pọ̀ sí i, apá ọ̀tún ni ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí ibẹ̀ ni ẹrù tẹ̀ sí. Kí wọ́n wá fi jáàkì gbé e, kí wọ́n di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí wọ́n mì í; bí ó bá ń jó, ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ti aládùúgbò yẹn, Ọlọ́kọ̀ Tó Ń Hùn, ó ń wo ọkọ̀ yín nítorí ariwo rẹ̀ ló ń jí i láago márùn-ún ìdájí. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó wá bá yín mi táyà.