Ìyá Consuelo, Ẹ Kú Ìnáwó

Sí Alva, ìyá Consuelo Vanderbilt,

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní. Mo mọ̀ pé ìkíni yìí ti pẹ́. Ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni ẹ fa ọmọ yín fún Duke ti Marlborough ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Thomas ní New York, ẹ̀yin fúnra yín sì ti relé láti 1933. Ṣùgbọ́n ìnáwó tó rinlẹ̀ báyìí, a kì í pẹ́ jù láti kí i.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí orí owó ni ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí èmi ti wá, ẹbí ọkọ ló ń ru iṣu, ru oyin, ru owó orí wá, wọ́n á sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ẹnikẹ́ni tó fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ tiyín, ọkọ ìyàwó fẹ̀yìn tì, àwọn lọ́yà ń kọ̀wé. Bàbá Consuelo, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, gbé ìpín ìdókòwò 50,000 kalẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ rélùwéè Beech Creek, iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là. Ilé-iṣẹ́ New York Central sì dúró gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́ pé èrè orí rẹ̀ kò ní dín sí dọ́là mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ẹ dákun, ta ni ó ṣe onígbọ̀wọ́ fún ìfẹ́?

Ìṣòro Duke kúkú yé mi. Ààfin Blenheim tó wà ní Woodstock tóbi ju àpò onílé lọ. Bàbá bàbá rẹ̀ ti ta àwọn òkúta iyebíye ìdílé ní 1875, ó sì tú ilé ìkàwé wọn tà. Bàbá rẹ̀ tún kó àwòrán ara ògiri lọ sọ́jà. Ní 1885, National Gallery san 70,000 pọ́n-ùn fún iṣẹ́ Raphael kan ṣoṣo. Nígbà tí ilé fi kan ọmọ yìí, oyè nìkan ló ṣẹ́kù tó lè pa owó ńlá wọlé.

Ta ló sọ àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di báyìí? Àlìkámà Amẹ́ríkà wà lára rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1870 lọ ni ó ti ń ya wọ ọjà wọn lówó pọ́ọ́kú, iye tí wọ́n ń ta ọkà tiwọn já wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó yá ilẹ̀ wọn dá kò sì rí owó ilẹ̀ san mọ́. Kí ló ń gbé àlìkámà náà dé etíkun? Rélùwéè. Ìdílé ọkọ yín wà lára àwọn tó ni ín. Ẹ̀yin lẹ bọ́ wọn láṣọ, ẹ̀yin náà lẹ tún wá ń rán òmíràn fún wọn.

Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ la ọ̀nà fífi ọmọ Amẹ́ríkà fún ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ o. Jennie Jerome ti fẹ́ Randolph Churchill, àbúrò bàbá Duke yìí, ní 1874. Ọ̀rẹ́ yín Consuelo Yznaga, tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ, wọlé ọkọ ọlọ́lá ní 1876. Ọmọ tiyín ńkọ́? Winthrop Rutherfurd ló wù ú. Nínú ìwé tí ó kọ nígbà tó dàgbà, ó ní ẹ sé òun mọ́lé, ẹ ní ẹ ó yìnbọn pa ọmọkùnrin náà. Nígbà tí ìyẹn kò tó, wọ́n wá sọ fún un pé ọkàn yín ti fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìjàngbọ̀n rẹ̀. Àrùn ọkàn tó mọ àsìkò! Kété tí ọmọ gbà, ara yín yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò aṣọ. Láàárọ̀ ìgbéyàwó, ìránṣẹ́ kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó sì sunkún débi pé ó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti pa mí lẹ́rìn-ín rèé. Oṣù kẹta ọdún yẹn gan-an ni ẹ kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yín ń fojú burúkú wo irú rẹ̀. Oṣù kìíní 1896 ni ẹ fẹ́ Oliver Belmont tó wù yín. Òmìnira tí ẹ fún ara yín nìyẹn, òun náà ni ẹ fi du ọmọ.

Àdúrà ẹ̀yìn ìyàwó kúkú gbà. Bí Consuelo ṣe dé, ìyá àgbà Duke sọ fún un pé ọkùnrin ni kí ó bí, kí oyè má baà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Jennie, Winston yẹn. John dé ní 1897, Ivor tẹ̀ lé e ní 1898. Ẹ wá wo ìdí oúnjẹ alẹ́: àwọn méjèèjì nìkan ló jókòó, Duke á ti abọ́ rẹ̀ síwájú, á máa yí òrùka ọmọ-ìka rẹ̀ po láìsọ̀rọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Consuelo bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ lórí tábìlì. Olórí àwọn ìránṣẹ́ ń ka ìwé ìtàn ọ̀daràn ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ní 1906 wọ́n kó kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. 1921 ni ìkọ̀sílẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn, ẹ ti di akọni obìnrin, ẹ ń náwó nára kí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà lè dìbò. Ẹ ṣe é, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ní 1926 ẹ tún ṣe èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún jù: ẹ jẹ́rìí fún ilé-ẹjọ́ ìjọ Kátólíìkì pé tipátipá ni ẹ fi Consuelo fún Duke. Àwọn àlùfáà gbà yín gbọ́, wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká. Ìyá tó lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ báyìí kò pọ̀. Àmọ́ ẹ fi ọgbọ̀n ọdún àti díẹ̀ pẹ́, ìyá wa. Consuelo ti fẹ́ Jacques Balsan, ará Faransé tó ń wa bàálù, láti 1921, wọ́n sì jọ wà títí ọkùnrin náà fi kú ní 1956.

Èmi ni,
Àlejò tí ẹ kò fún ní ìwé ìpè