Ẹ Bá Mi Bi Pùròpẹ́là Léèrè

Òkè ló yí àwa ará Ọ̀rà ká. Omi tó lókìkí jù nítòsí wa ni Àyìnkùnúgbá ní Òkè-Ìlá, orí àpáta ló sì ti ń já wálẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwọ̀n pùròpẹ́là. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ará Ẹ̀pẹ́, ló ní ká jọ ra ọkọ̀ fáíbà ká máa fi kó èrò lórí ọ̀sà, pé ọkọ̀ tó bá ń sáré ni èrò ń wọ̀. Owó ẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́. Pùròpẹ́là, irin kékeré tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì, ló wá sọ mí di oníṣirò lọ́jọ́ alẹ́.

Wọ́n kọ 13 × 19 sí i lára. 13 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní ínǹṣì, ìyẹn yé mi. 19 ni pitch: ọ̀nà tó yẹ kó rìn síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, bí ìdè skúrù ṣe ń wọ pákó. Ta ló sọ fún wọn pé pákó ni ọ̀sà? Ẹ́ńjìnnì yí 5500 ní ìṣẹ́jú kan, gíà gé e sí ìdajì, pùròpẹ́là yí 2750. Lórí ìwé, nǹkan bí 80 kìlómítà ni ọkọ̀ yẹn ó sá ní wákàtí kan. Omi á yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, á sì yọ mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún fún ara rẹ̀, láìkọ rìsíìtì.

Ká mú 15 ńkọ́? Tòun tèrò tòun tàpò gaàrí, ọkọ̀ á dìde wéré. Bó bá ṣófo, ẹ́ńjìnnì á máa ké, á yí kọjá ibi tí àwọn tó ṣe é ní kó dé, torí ínǹṣì kan téèyàn bá yọ lára pitch ń fi nǹkan bí 150 sí 200 kún yíyí rẹ̀. Ká mú 21? Èrò á wọlé tán, imú ọkọ̀ á wà lókè, ìdí á rì, ẹ́ńjìnnì á máa mí hẹlẹ, á máa mu epo. Epo tó ti abẹ́ 200 náírà fò sí nǹkan bí 500 nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023!

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kéèyàn kó ẹrù tó sábà ń rù, kó tẹ ẹ́ńjìnnì dé òpin, kó wá yan èyí tó bá gbèdéke ẹ́ńjìnnì mu. Ó dáa. Ẹrù wo ni mo sábà ń rù? Lọ́jọ́ ọjà wọ́n ń ti ara wọn. Lọ́jọ́ kejì, dẹ́rẹ́bà àti ewúrẹ́ kan.

Ẹlòmíràn ní kí n ra onírin líle tí kì í dípẹtà, tó sábà ju ìlọ́po méjì owó alumíníọ́mù lọ. Bí alumíníọ́mù bá kọlu gẹdú tàbí òpó àkàjà àwọn apẹja, á tẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Irin líle kì í tètè tẹ̀. Gíà ló ń ti ìyà náà sí. Ní ti ewé orí omi tó ya wọ Badagry lọ́dún 1984 àti ọ̀rá píọ̀-wọ́tà, wọn kì í bi irin léèrè kí wọ́n tó wé mọ́ ọn.

Ẹni tó ń tà á ní kí n kúkú ra méjì, ọ̀kan fún ìgbà èrò, ọ̀kan fún ìgbà òfìfo. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò máa wọ omi lọ pààrọ̀ rẹ̀?” Ó ní dẹ́rẹ́bà ni. Dẹ́rẹ́bà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wúkọ́, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n wẹ̀.