Bàálù Mẹ́ta, Òde Kan Ṣoṣo

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé èmi kì í ṣe olófòófó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn ti gbé, tí gbogbo ayé ti kà, ta ló tún ń pè é ní òfófó?

Ìpàdé COP ni mo ń sọ, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ń ṣe lọ́dọọdún nítorí ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Ti Dubai lópin ọdún 2023, COP28, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pé jọ kò ṣàjèjì sí yín: èéfín epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú ń mú ayé gbóná, kí aráyé yáa wá nǹkan mìíràn tí wọn yóò máa fi ṣe ọrọ̀ ajé, ìbáà ṣe oòrùn, ìbáà ṣe atẹ́gùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta wá ni wọ́n fi ṣe alága? Sultan Al Jaber. Ọ̀gá àgbà ADNOC, iléeṣẹ́ tó ń wa epo rọ̀bì fún ìjọba Abu Dhabi! Kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ o. Ó ń wa epo lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń ṣe alága àwọn tí kò fẹ́ epo lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ní òun náà ni alága Masdar, iléeṣẹ́ tó ń fi oòrùn àti atẹ́gùn pèsè iná. A ti gbọ́.

Nígbà tí ìpàdé ku ọjọ́ díẹ̀, BBC gbé e jáde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn ìwé kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ dè é, ọ̀rọ̀ òwò epo àti gáàsì tí yóò máa bá àwọn àlejò sọ bí wọ́n bá ti jókòó tán lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ọkùnrin náà ní irọ́ ni, òun kò fojú kan irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, áńbọ̀sìbọ́sí pé òun lò ó. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún un.

Èyí tí n kò lè fi sílẹ̀ ni ti Mary Robinson. Màmá yìí ti ṣe ààrẹ Ireland, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ẹni ọdún 79 ni lọ́dún yẹn, Al Jaber jẹ́ 50. Wọ́n jọ wà nínú ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì kan lóṣù Kọkànlá, màmá ń rọ̀ ọ́ pé kó ṣáájú aráyé sọ ọ́ gbangba pé a óò jáwọ́ nínú epo. Ẹ gbọ́ èsì o. Ó ní kò sí sáyẹ́ǹsì kankan tó sọ pé ìjáwọ́ yẹn ni kò ní jẹ́ kí ìgbóná ayé fi ju ìwọ̀n 1.5 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó ní kí màmá fi ọ̀nà rẹ̀ han òun, àfi tó bá fẹ́ kó aráyé padà sínú ihò àpáta. Ihò àpáta! Sí ẹni tó tó ìyá tó bí i lọ́mọ! Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ariwo, ó jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó ní wọ́n ṣi òun gbọ́, pé òun bọ̀wọ̀ fún sáyẹ́ǹsì. Àgbà ńkọ́?

Ẹ wá wo àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọba Charles ń lọ sí Dubai. Rishi Sunak, olórí ìjọba wọn nígbà náà, ń lọ. David Cameron, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, ń lọ. Ibì kan náà, ìpàdé kan náà. Bàálù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ń dáwó jọ háyà bọ́ọ̀sì kan nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú, ẹ ò ha sàn jù wọ́n lọ? Sunak kò lo ọjọ́ kan pé tó fi yíjú padà sílé, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ tó kéde pé ọkọ̀ tuntun tó ń lo bẹntiróòlù, tí wọ́n ti ní àwọn ò ní tà mọ́ láti 2030, ó di 2035. Ọba ní tirẹ̀ dìde, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní ilé ayé kì í ṣe tiwa. Táì ọrùn rẹ̀ ni mo ń wò ní tèmi. Àsíá Gíríìsì ló kún inú rẹ̀! Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni Sunak fagi lé ìpàdé òun àti olórí ìjọba Gíríìsì, nítorí àwọn ère òkúta ayé àtijọ́ tí Gíríìsì ń béèrè lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ò sọ pé ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jọ wọ bàálù kan o.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán, ó kan tiwa. Orúkọ ènìyàn 1,411 ni Nàìjíríà fi sílẹ̀ fún ìpàdé náà. Ti Ṣáínà náà, 1,411 ni, Ṣáínà tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan. Nígbà tí aráàlú figbe ta, ìjọba àpapọ̀ ní 422 péré làwọn san owó fún, pé àwọn yòókù tọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ wá. Péré! Lọ́dún tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, tí lítà bẹntiróòlù kan lé ní 600 náírà. Èmi tí mo ń pa jẹnẹrétọ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́, tí mo ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn títí ilẹ̀ fi mọ́, ṣé ẹ rí i pé èmi gan-an ni mò ń dín èéfín kù? N kò sì rí ìwé ìpè.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá, tí àkókò ti lé wọn kọjá, Al Jaber lu òòlù mọ́ tábìlì pé àdéhùn ti dì, pé kí ayé máa kúrò nídìí epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú díẹ̀díẹ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ni Anne Rasmussen láti Samoa bá gba ọ̀rọ̀, ẹni tó ń ṣojú àwọn erékùṣù kéékèèké tí òkun fẹ́ gbé mì. Ó ní ó jọ pé ẹ ti lu òòlù tán kí àwa tó wọlé. Wọn ò tíì sí nínú gbọ̀ngàn! Gbogbo ilé dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gan-an. Àdéhùn ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹ tún gbọ́ ti ọdún 2024. Baku ni wọ́n gbé e lọ, ní Azerbaijan. Ààrẹ ibẹ̀, Ilham Aliyev, gun orí pèpéle, ó ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni epo àti gáàsì. Òun ò tilẹ̀ fi bò. Ẹ bi mí léèrè ibi tí Mukhtar Babayev tí wọ́n fi ṣe alága tọ̀hún ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di mínísítà. SOCAR ni. Iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba wọn.