Èmi Tí Mo Ń Wá Sẹ̀gilọlá Kiri

Ìwà òmùgọ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ yìí, èmi nìkan kọ́ ló ń hù ú, àmọ́ tèmi ló burú jù, torí mo pè é ní ìwádìí. Láti oṣù Keje ọdún 1929 títí di oṣù Kẹta ọdún 1930 ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde: Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ, tó fi ẹwà jayé l'Ékòó kí àìsàn àti ìṣẹ́ tó dé bá a. Kò jẹ́ dárúkọ ara rẹ̀ gan-an. Làwọn òǹkàwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Àwọn kan tilẹ̀ fowó ránṣẹ́ sí i kó fi tọ́jú ara.

Ẹ wo bí èmi náà ṣe ro tèmi. Mo ní bó bá jẹ́ àròsọ ni, kí ló dé tó ń fi orúkọ pa mọ́? Òpùrọ́ á ti wá orúkọ kan fi tan wá. Mo tún ní àwọn àdúgbò tó ń dárúkọ wà lóòótọ́, orin ìgboro tó ń fà yọ náà wà. Ibi tí mo ti ṣubú nìyẹn. Ta ni ò mọ àdúgbò Èkó nínú àwọn tó ń gbé Èkó, ká má tilẹ̀ wá sọ akọ̀ròyìn? Ká ní ó dárúkọ ni, kò ní pẹ́ tí aládùúgbò kan á fi ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó fu mí lára gan-an ni mo sọ di ẹ̀rí. Ọmọ Odògbolú ni mí o! Bí Agẹmọ, eégún tó ń fi ẹní bora, bá jáde nílùú wa, a kì í béèrè ẹni tó wà lábẹ́ ẹní, ẹ̀gbẹ́ kan lèèyàn ń yà sí. Èmi wá ń ká ẹní Sẹ̀gilọlá sókè.

Aláìsàn tó ń kú lọ wá ń kọ lẹ́tà gígùn fún oṣù mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ Bíbélì àti orin ìsìn ò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló wá tẹ̀ ẹ́ ní ìwé lọ́dún 1930, ìyẹn ọdún mẹ́jọ kí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ tí òǹkọ̀wé Fágúnwà kọ tó jáde. Àwọn onímọ̀ bíi Karin Barber, tó tún un tẹ̀ lọ́dún 2012, gbà pé Thomas fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Wọ́n á ní, ṣé Thomas ò lè gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan ni? Ó lè gbọ́ ọ. Àmọ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ l'Ékòó, èyí tí àpèjúwe bá sì bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu, kò tọ́ka sí ẹnì kankan. Arẹwà àgbà tí kò lọ́kọ nílé nìkan ló máa kó sí wàhálà. Àwọn kan á ní Thomas rẹ́ àwọn olówó àánú jẹ nígbà náà. Mi ò rò bẹ́ẹ̀: ojú àánú tí ìtàn là fún wọn kì í ṣe irọ́, ìtàn àròsọ tó dáa kì í sì ṣe ohun mìíràn. Orúkọ tí mo ń wá kò kúkú pa mọ́, orúkọ olóòtú ni. Àwọn tí mo ti kọ sílẹ̀ pé mo fura sí ńkọ́? Obìnrin ni gbogbo wọn.