Ẹni Tí Kò Lábàwọ́n Lójú Gómìnà

Bí àga Awùjalẹ̀ bá ṣófo, ìdílé mẹ́rin ló ń jẹ ẹ́, gbogbo ọjà Ìjẹ̀bú-Òde ló sì mọ ilé tó kàn. Àga adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga tó wà nígboro kan náà ńkọ́? Òfin ọdún 1999 ní gómìnà ni yóò yàn án, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àpapọ̀ l'Ábújá ni yóò dábàá rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ni yóò sì gba Àbújá nímọ̀ràn. Ta ló wà nínú ti ìpínlẹ̀? Adájọ́ àgbà ni alága, kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ gómìnà náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn méjì tí kì í ṣe lọ́yà, tí ìwà wọn kò lábàwọ́n lójú gómìnà. Òfin ló wí bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi.

Ẹ lè ní Àbújá kì í gbàgbàkugbà. Òótọ́ ni. Ní 2014, Gómìnà Amaechi ti Rivers búra fún Peter Agumagu ní adájọ́ àgbà, nígbà tí Àbújá ti fọwọ́ sí Daisy Okocha. Àbújá dá Agumagu dúró lẹ́nu iṣẹ́, kóòtù sì wà ní títì pa fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ọlọ́gbọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kéèyàn tètè dá sí ọ̀rọ̀ náà kí orúkọ tó dé Àbújá. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́nu iṣẹ́ ni òfin béèrè lọ́wọ́ lọ́yà. Irú wọn sì pọ̀ n'Íjẹ̀bú. Nígbà náà ni fóònù ọmọ ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ á dún lóru: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wo fáìlì àbúrò wa yẹn.” Kò sẹ́ni tó tọrọ ojúrere, wọ́n kàn ní kí ẹ wò ó ni.