Lẹ́tà Ṣíṣí sí Bàbá Ìbejì Tí Kò Tíì Mọ Ibi Tó Ń Lọ

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí Ìyá Ìbejì, ẹni tó di àpótí rẹ, tó tú u, tó tún dì í. A gbọ́ pé o ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, owó sì ti wà nílẹ̀. Ibi tí o máa lọ nìkan ló kù. Bílẹ̀ bá mọ́, o ní adágún Quilotoa ní Ecuador ni. Bó bá fi máa di alẹ́, o ní rárá, aṣálẹ̀ iyọ̀ Uyuni ní Bolivia ni. Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi òkú àgbà, o ti fa fóònù yọ: "Wo èyí, wo tọ̀hún, èwo ni kí n mú?" O ti da gbogbo wa láàmú, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ síta gbangba, kí ará àti ojúlùmọ̀ bá wa dá sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú adágún ṣáájú. Òkè oníná ni Quilotoa. Ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn ló bú gbàù, tí orí rẹ̀ wó sínú, tó di kòtò ràgàjì tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 3. Omi ló wà nínú kòtò náà báyìí, àwọn èròjà inú àpáta tó yòrò sínú rẹ̀ ló sì sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé. Ó wuyì, n ò jiyàn. Àmọ́ òkè létí kòtò ni ọkọ̀ máa já ọ sí, omi wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀nà oníyanrìn tó dagun gan-an ni wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀, bàtà á máa yọ̀, eruku á máa sọ. Ẹni tó fi ìdajì wákàtí sọ̀ kalẹ̀ lè lo wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gòkè padà, torí etí kòtò yẹn fi nǹkan bí mítà 3,900 ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í tó mí sínú. Ìwọ tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn báǹkì lásán, o máa ń dúró láàárín rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò! A mọ̀ pé kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan tí ò ń wá.

Àwọn ará Kichwa tó ni àdúgbò yẹn ti rí irú rẹ rí. Wọ́n máa ń mú ìbaaka dúró létí omi; ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá kọṣẹ́, á sanwó, á gùn ún gòkè. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná ní Ecuador láti ọdún 2000, nítorí náà má sọ pé o ò rí owó ṣẹ́. Ìbaaka tó máa gbé ọ yẹn ni mo ń káàánú.

Ó wá ku Uyuni. Adágún ńláńlá ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ó gbẹ, ó fi iyọ̀ sílẹ̀. Ó lé ní 10,000 kìlómítà níbùú lóròó, kò sí pápá iyọ̀ tó tóbi tó o láyé. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú débi pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi í yẹ òṣùwọ̀n sátẹ́láìtì wò. Ní Colchani, abúlé kan létí ibẹ̀, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì wa iyọ̀ jọ ní òkìtì kéékèèké kí omi ara rẹ̀ lè ro dànù, kí wọ́n tó gbé e lọ sílé, kí wọ́n mú kó gbẹ, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì dì í sínú ọ̀rá fún títà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ náà á sán, á pín ara rẹ̀ sí onígun mẹ́fà mẹ́fà títí ojú fi lè ríran mọ. Nígbà òjò, láàárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹta, omi fẹ́ẹ́rẹ́ á dúró lórí rẹ̀, ojú ọ̀run á sì hàn nínú omi náà, èèyàn ò ní mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí. Kò sígi, kò sílé tí a lè fi díwọ̀n nǹkan, ni fọ́tò ibẹ̀ ṣe ń tanni jẹ. Ìyá Ìbejì á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ìwọ á na ọwọ́, á wá dà bíi pé orí àtẹ́lẹwọ́ rẹ ló wà. Fọ́tò yẹn gan-an lò ń wá, kí o lè fi han àwọn àna rẹ pé ò ń gbé ọmọ wọn jẹ́jẹ́.

Àmọ́ má rò pé torí ilẹ̀ tẹ́jú, o ti bọ́. Uyuni náà fi mítà 3,656 ga ju òkun lọ. Nítorí gíga yẹn, wọ́n á fún ọ ní tíì ewé kókà. Mu ún, ṣùgbọ́n má ki ewé náà sápò bọ̀ wálé, kí àwọn aṣọ́bodè má baà dá ọ dúró. Fi bàtà aláwọ tí o fi ń lọ òde sílẹ̀, omi iyọ̀ á jẹ ẹ́. Bí omi bá sì pọ̀ jù, jíìpù kì í dé Incahuasi, erékùṣù tí ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún ti ga ju ilé lọ, nítorí náà má bá dírẹ́bà jà.

Má sì sọ pé wàá lọ síbi méjèèjì. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Odidi Peru ló wà láàárín Ecuador àti Bolivia.

Ìbéèrè rẹ gan-an ni kò dáa. Ò ń bi wá pé èwo ló lẹ́wà jù, bẹ́ẹ̀ méjèèjì ló lẹ́wà. Orúnkún rẹ àti oṣù tí o gba ìsinmi ló yẹ kí o bi. Oṣù Kìíní ni ìsinmi rẹ, omi á wà lórí iyọ̀. Orúnkún rẹ, kí Ọlọ́run ṣàánú. Uyuni ni kí o lọ. Fi Quilotoa sílẹ̀ fún Ìyá Ìbejì, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà láì mí hẹlẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́sẹ̀ yìí. Owó ọkọ̀ òfúrufú kì í dúró de ẹni tó ṣì ń rò ó.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tí etí ti kún.