Pásítọ̀ Dé Fìlà Ọ̀mọ̀wé, Ìran Dópin

Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Bí ẹnikẹ́ni bá lẹ́tọ̀ọ́ láti pa òwe yìí, ará Kétu ni, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, kí UNESCO tó wá kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2001. Àmọ́ ó jọ pé àwọn àgbà yẹn kánjú díẹ̀. Wọn ò dúró kí pásítọ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé kí wọ́n tó sọ pé ìran ti parí.

Ẹ wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé kan lójú ọ̀nà tó ti Pọ̀bẹ́ lọ sí Kétu. Wọ́n ti ta àtíbàbà, jẹnẹrétọ̀ ń han. Àwọn pásítọ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ, ẹ̀wù dúdú ń wọ́lẹ̀, ọ̀já pupa wà lọ́rùn, fìlà onígun mẹ́rin wà lórí, wajawaja etí rẹ̀ sì ń gbá wọn nímú. Oòrùn ń pa wọ́n, wọn ò mira. Ẹni tó fẹ́ fi wọ́n joyè ti òkè òkun dé, tàbí ó ní òkè òkun lòun ti dé. Amẹ́ríkà ni yunifásítì rẹ̀ wà, nínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan. Ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n wá kọ́? Ìrírí ni. Gbogbo ìṣọ́ òru tí pásítọ̀ ti ṣe, gbogbo ààwẹ̀ tó ti gbà, gbogbo òkú tó ti sin àti gbogbo tọkọtaya tó ti so pọ̀, wọ́n ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ́. Owó fìlà nìkan ló ṣẹ́ kù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú fi máa mọ́, pátákó ìta ṣọ́ọ̀ṣì ti yí padà: Bíṣọ́ọ̀bù, Dókítà, Wòlíì, Àpọ́sítélì. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ò ráyè jókòó níbẹ̀ mọ́.

Kí n má purọ́ mọ́ àwọn pásítọ̀, ìwé ẹ̀rí ti di ọjà ẹnubodè tipẹ́. Nàìjíríà ni epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń pè ní kpayo ti ń wọ Bẹ̀nẹ̀ lórí alùpùpù. Ìwé ẹ̀rí ni Bẹ̀nẹ̀ fi ń san án padà. Ní ìparí ọdún 2023, Umar Audu, akọ̀ròyìn Daily Nigerian, sọ fáyé bí òun ṣe gba oyè yunifásítì ní Kùtọnù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí oṣù kìíní ọdún 2024 tó jìnnà, ìjọba Àbújá ti ní àwọn ò ní fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tó bá ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wá mọ́ ná. Oyè yẹn kì í ṣe ti ẹ̀sìn o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gan-an ti pọ̀ jù fún pásítọ̀ tiwa: Sátidé kan tó o.

Ojú ni òwe wa mẹ́nu bà. Ṣùgbọ́n ará Kétu mọ̀ pé kí ojú tó wo ìran lọ́sàn-án, etí ti ṣiṣẹ́ mọ́jú. Òru ni Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń jáde. Á júbà àwọn ìyá wa, á súre fún ìlú, lẹ́yìn náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀lẹ, olè àti olóyè tó jẹ owó ìlú ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò ní orin nínú, tí kò mọ ìtàn ìlú, kò jẹ́ bọ́ síta lóru ọjọ́ yẹn, nítorí àwọn tó ń gbọ́ ọ kì í ṣe ọmọdé. Ìgbà tó bá di ọ̀sán ni àwọn oníjó tó wá jáde, pẹ̀lú igi gbígbẹ́ lórí. Àwọn dókítà ojú ọ̀nà Pọ̀bẹ́ fo òru, ọ̀sán ni wọ́n dé. Igi nìkan ni wọ́n gbé rù.

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther wọ Kétu ní oṣù kìíní ọdún 1853, tí Alákétu Adébíà gbà á lálejò, kò sẹ́ni tó ń pè é ní dókítà. Ó ti wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827, ó ti gba oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, ó ti kọ ìwé lórí èdè Yorùbá, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Bíbélì. Ọdún 1864 ni yunifásítì Oxford tó fún un ní oyè dókítà. Oyè ìdánilọ́lá ni, bíi tàwọn ará wa. Kò ṣèdánwò kankan fún un. Iṣẹ́ ló ṣáájú fìlà, ó sì ti pẹ́ tí iṣẹ́ náà ti ń lọ.

Kí ni mo tiẹ̀ ń wá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù? Ọmọ Kétu ni Fadá Thomas Moulero. Ní 1914 ni wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà Saint-Gall ní Ouidah; ọdún 1928 ni Moulero tó di àlùfáà, òun sì ni ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Àgùdà fi joyè àlùfáà ní Dàhòmì. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ Sátidé. Nígbà tó kàwé tán, kò sọ pé ìwé ti ju tàwọn bàbá òun lọ. Ó kọ ìtàn Kétu sílẹ̀. Ó kọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú, èyí tó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Études Dahoméennes. Fadá ni mò ń wí o! Ẹni tí ẹ rò pé yóò ti igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bọná ló jókòó tì í pẹ̀lú gègé. Òun nìkan kọ́: Geoffrey Parrinder, òyìnbó Mẹ́tọ́díìsì tó kọ́ àwọn pásítọ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), náà tẹ odidi ìwé jáde lórí ìtàn Kétu ní Ìbàdàn ní 1956.

Ilé ẹ̀kọ́ gidi kò sì jìnnà. Yunifásítì àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì ń bẹ ní Àjàṣẹ́ títí dòní. Ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà láti 1898. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀ bóyá wọ́n ń ta fìlà. Èdè Hébérù àti Gíríìkì ni wọn yóò kọ́kọ́ tẹ́ kalẹ̀ fún yín, irun orí yín á sì dúró.

Àwọn kan máa ń dá mi lóhùn pé Oshoffa, káfíńtà Àjàṣẹ́, kò gba oyè ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà kankan kó tó dá Ìjọ Mímọ́ sílẹ̀ ní 1947. Mo gbà. Ìpè bá a nínú igbó, ó jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìpè bá nínú igbó, kí ló fẹ́ fi okùn wúrà etí fìlà ṣe? Tẹ́ ẹ bá ní Ẹ̀mí ló kọ́ yín, ẹ jẹ́ kí Ẹ̀mí náà fi yín joyè. Ọwọ́ àwọn ọmọ ìjọ pásítọ̀ pàápàá ò mọ́ nínú ẹ̀. Àwọn ló ń sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì kejì ti ní dókítà, táwọn ò sì tíì ní; àwọn náà ló ń dá owó aṣọ ẹgbẹ́ ọjọ́ ìwúyè.

Torí náà, àbá mi rèé. Kí wọ́n gbé ìdánwò ọ̀mọ̀wé wá sí ọjà Kétu, kí àwọn ìyá onígàrí jókòó bí adájọ́. Kí pásítọ̀ ṣàlàyé ìwé Jóòbù fún obìnrin tí òjò kọ̀ fún, tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ gbẹ sóko, ní Yorùbá, láìsí Faransé, láìsí gbohùngbohùn. Kí wọ́n bi í ní ìbéèrè. Tó bá ti ní "ẹ jẹ́ ká gbàdúrà" kó tó dáhùn, kó padà lọ kàwé. Ẹni tó bá yege, ìyá tó da ìbéèrè bò ó jù ni kó dé fìlà fún un. Ẹni tó bá kùnà, kó sanwó àtíbàbà Sátidé ìjọ́sí, torí ẹni tó yá wọn ò tíì rí owó ẹ̀ gbà.